Kí la fẹ́ fi ṣe?

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìjọ kò kúrò lọ́kàn mi láti àárọ̀. A ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ìsìn, ìyàwó wọ́dìn ń ka ìròyìn orí fóònù rẹ̀ sí wa létí, pé obìnrin ti di Ásíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury, olórí ìjọ Áńgílíkà ní England. Ẹnì kan pariwo "Jésù!" bí ẹni tó rí ejò. Ìyá Ìjọ kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Kí la fẹ́ fi ṣe? Àwa la ni ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi tún pàtẹ́wọ́ sí i.

Máíruwà kò wá (ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ omi Kubwa), mo lọ aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ, iná lọ, iná dé. Òní ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa la ni ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀. Òótọ́ kúkú ni. Ta ló dá owó jẹnẹrétọ̀? Ta ló rán aṣọ pẹpẹ? Nígbà tí owó oṣù fíkà ò jáde, ìkòkò ta ni wọ́n ń bù nínú rẹ̀? Kí àwọn ìyá jókòó sílé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ká wo ẹni tó máa ṣe ìkórè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ fẹ́ ta ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, inú ìfilọ̀ ni Ìyá Ìjọ ti gbọ́, bí èmi náà ṣe gbọ́. Onílé wo ló ń gbọ́ títa ilé ara rẹ̀ nínú ìfilọ̀?

Mo ka ìtàn obìnrin náà nígbà tí iná dé. Sarah Mullally, nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún ní 1999 tí wọ́n fi ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì England pátápátá. Ó fi í sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ àlùfáà, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù London ní 2018. Ìjọ Áńgílíkà tiwa ní Nàìjíríà ní àwọn ò gbà. Kò yà mí lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa obìnrin ò lè ṣe àlùfáà, ká má tíì sọ ti bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́dìn ní nǹkan òyìnbó ni gbogbo ẹ̀.

Nǹkan òyìnbó kẹ̀! Ibi tí mo ti bínú nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kà mí tipẹ́ mọ ẹni tí mo fẹ́ dárúkọ: Ellinah Wamukoya ti Swaziland, tí wọ́n ń pè ní Eswatini báyìí. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní gbogbo Áfíríkà, ní November 17, 2012. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àbá pé kí obìnrin máa jẹ bíṣọ́ọ̀bù ṣubú nínú ìbò sínọ́ọ̀dù, ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin ìjọ, ní England. Ta ló wá ń kọ́ ta?

Ìyá yẹn ti ṣe ọ̀gá àgbà ìgbìmọ̀ ìlú Manzini rí. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tí wọ́n gba ọ̀pá. Ẹni tó ti ṣàkóso odidi ìlú, kí ló tún fẹ́ fi ṣe? Síbẹ̀ wọ́n gbà á, wọ́n fi í jà fún igi gbíngbìn àti ìtọ́jú ilẹ̀, títí Kòrónà fi mú wọn lọ ní January 2021. Ní Manzini, òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Bóyá ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìyá Ìjọ tiwa ni ṣọ́ọ̀ṣì, òǹtẹ̀ ni wọn ò ní.

Bàbá Tómi bi mí lálẹ́ bóyá bíṣọ́ọ̀bù ló ń wù mí jẹ. Rárá o. Ìpàdé wọn pọ̀ jù, kásọ́ọ̀kì á sì mú mi lóoru pa ní Abuja yìí.

Ṣùgbọ́n nígbà wàhálà Kàdúná ní 2000, Ìyá Ìjọ wà níbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi. Nínú bárékè tí wọ́n sá sí, kò sí fíkà, kò sí kátíkíìsì, àwọn ló ń darí àdúrà láàárọ̀ lálẹ́, àwọn ọkùnrin ń ṣe Àmín. Nígbà tí ìlú rọ̀, kátíkíìsì padà dé, àwọn náà padà sí ìjókòó wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ìyẹn náà.

Mi ò wá mọ̀ mọ́ bóyá ìgbéraga ni gbólóhùn yẹn tàbí ìpamọ́ra. Ó lè jẹ́ ẹ̀fẹ̀ lásán, kí n kàn máa da ara mi láàmú. Ìpàdé àwọn ìyá ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Mo fẹ́ bi wọ́n, tí ìyàwó wọ́dìn ò bá sí nítòsí. Àbí kí n má bi wọ́n…