Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Kọ́púlà Rélùwéè Kékeré

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó rélùwéè kékeré, àfarawé ọkọ̀ ojú irin gidi, jọ nílùú Ìbàdàn, ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu yín jù ni pé kọ́púlà wo, ìyẹn ìkọ́ tó ń so ọkọ̀ kan mọ́ èkejì, ni kí ẹ rà. Mo mọ ìdí tó fi ká yín lára. Ẹ lè rin Dùgbẹ̀ já Agbeni, kí ẹ wọ Gbági jáde, ẹ kò ní í rí páálí kan ṣoṣo rà. Inú báàgì ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó ń ti òkè òkun bọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, kí a tó bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá wa rà á, ó yẹ kí á ti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ wa gan-an. Ohun tí mo sì ti rí ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kọ́púlà tí à ń dá lẹ́bi kò ṣe nǹkan kan. Ojú irin ló ń ṣe é, tàbí gíga tí kọ́púlà wà sí, tàbí ọkọ̀ tó fúyẹ́ jù.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń ní ọkọ̀ OO, tó jẹ́ ìdá kan nínú 76 ọkọ̀ gidi. Kọ́púlà rẹ̀ ni ọ̀pá pẹlẹbẹ kan pẹ̀lú ìkọ́ tó ń gbé ara sókè bọ́ sẹ́yìn ọ̀pá ti ọkọ̀ kejì. Ẹni tí tirẹ̀ ti Amẹ́ríkà wá ní HO, ìdá kan nínú 87. Mìlímítà 16.5 ni ojú irin àwọn méjèèjì fẹ̀, wọ́n sì lè jọ rìn lórí irin kan, ṣùgbọ́n kọ́púlà wọn kì í mú ara wọn. (Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ tó ń dé Mọníyà: irin tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2021, fẹ̀ ní mìlímítà 1435, HO sì bá a mu rẹ́gí. Irin àtijọ́ tó dé Ìbàdàn ní 1901 jẹ́ mìlímítà 1067, ojú irin oní-mìlímítà 12 ló máa gbà níwọ̀n HO.)

Nínú àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ tó wá nínú páálí olówó pọ́ọ́kú, ẹ máa bá kọ́púlà kan pàdé tí wọ́n ń pè ní X2F. Ike ni, ẹ̀gbẹ́ ló sì ń ti ara rẹ̀ sí. Tí ẹ bá fi ẹ́ńjìnì ti ọkọ̀ sẹ́yìn, agbára ẹ̀gbẹ́ yẹn á ti wíìlì bọ́ lójú irin. Mi ò mọ àtúnṣe kankan fún un. Ẹ yọ ọ́.

Èyí tí èmi ń lò fún HO ni kọ́púlà tó ń mú ara rẹ̀ bí ìgbà tí ẹni méjì bá fi ìka kọ́ ìka. Ọkọ̀ gidi ló ti wá. Eli Janney gba ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1873, nígbà tó sì di 1893, ìjọba wọn ṣòfin pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa kọ́ ara wọn láìsí pé èèyàn wọ àárín wọn, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ ki irin bọ̀ ọ́ ń pàdánù ìka, ọwọ́ àti ẹ̀mí. Ti kékeré tí mo fọkàn tán ni èyí tí ilé-iṣẹ́ Kadee ń ṣe, irin ni. Nọ́ńbà 5 ni wọ́n ti ń lò tipẹ́. 148 ni mo fẹ́ràn jù, torí sípíríngì tó ń dá a padà sáàárín ti wà lára rẹ̀, kò sí pé ẹ̀ ń wá awẹ́ kékeré kan nílẹ̀. Tí ọkọ̀ yín bá ní ihò NEM (ihò ìwọ̀n kan náà tí wọ́n ń ki kọ́púlà bọ̀) lábẹ́, bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù òde òní ṣe ní in, nọ́ńbà 17 títí dé 20 ni kí ẹ wò. 17 ló kúrú jù, 20 ló gùn jù. Àwọn aláfarawé oníke wà, wọ́n sì dín lówó, ṣùgbọ́n ike ni sípíríngì ìka wọn, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ bó bá pẹ́. Tí ọkọ̀ bá gùn, ẹ má fi oníke sẹ́yìn ẹ́ńjìnì níbi tí ẹrù gbogbo ti ń fà. Ìrù ọkọ̀ ni kí ẹ fi í sí.

Ó wá ku ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Tí ọkọ̀ bá ń já lẹ́yìn ara wọn, ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ́púlà. Ẹ wo ibi tó ti ń já. Bó bá jẹ́ ojú kan náà ni, ọkọ̀ yòówù kó débẹ̀, ojú irin ni. Nígbà òjò, pákó pílàìwúùdù máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, á wú, ibi tí pákó méjì ti pàdé á ga sókè díẹ̀. Orí kọ́púlà kan á gòkè, èkejì á wà nísàlẹ̀, wọ́n á yọ́ kúrò lọ́wọ́ ara wọn. Kò sí kọ́púlà tuntun tó lè tún ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọkọ̀ méjì kan náà ló ń já níbi gbogbo, ẹ mú ọ̀kan kúrò, ẹ so ó mọ́ ọkọ̀ mìíràn tí ẹ mọ̀ pé ara rẹ̀ dá. Bí wàhálà bá tẹ̀ lé e, òun ló ní àbùkù. Bí kò bá tẹ̀ lé e, ẹ padà sọ́dọ̀ èyí tó kù. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gan-an, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹ wá wọn gíga. NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré ní Amẹ́ríkà, là á kalẹ̀ pé àárín orí kọ́púlà HO gbọ́dọ̀ fi ìdá 25 nínú 64 íǹṣì, nǹkan bíi mìlímítà 9.9, ga ju orí irin lọ. Kadee ń ṣe òṣùwọ̀n kan fún un, nọ́ńbà rẹ̀ ni 205. Bí owó yín bá kéré, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra kọ́púlà kankan. Ẹ gbé e lé ojú irin tó tẹ́jú, ẹ ti ọkọ̀ sún mọ́ ọn. Bí orí kọ́púlà bá wálẹ̀, ẹ fi ìka gbé e. Bó bá ń mì sókè sódò, àyè ti pọ̀ jù nínú àpótí rẹ̀, ike tín-ín-rín lábẹ́ ọrùn rẹ̀ ti tó. Bí kò bá mì, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló wálẹ̀. Ẹ fi wáṣà pélébé sáàárín bógì (férémù tó gbé wíìlì) àti ìdí ọkọ̀. Kadee tún ní àwọn tí ọrùn wọn ga tàbí lọ sílẹ̀ ju orí lọ, ṣùgbọ́n ẹ má tètè sá lọ bá wọn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ọkọ̀ tó wálẹ̀ ni kí ẹ gbé sókè.

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ sábẹ́ orí kọ́púlà wà fún òòfà tí wọ́n ń rì sáàárín irin láti tú ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ kan irin rárá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á há níbi tí ojú irin ti pínyà. Òṣùwọ̀n 205 yẹn náà lẹ máa fi wò ó, kí ẹ sì fi pílíà tẹ̀ ẹ́ sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá lo òòfà lè gé e. Igi súyà tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ sí ṣóńṣó ni èmi fi ń tú tèmi: ẹ tì í bọ àárín ìka méjèèjì láti òkè, ẹ yí i díẹ̀.

Ẹ tún fi igi náà ti orí kọ́púlà sápá ọ̀tún àti òsì. Ó gbọ́dọ̀ dá padà sáàárín fúnra rẹ̀. Bó bá ń lọ́ra, ẹ tú àpótí rẹ̀, ẹ fọ ọ̀dà àti eruku inú rẹ̀, ẹ fi fáìlì gé ike tó yọ létí. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ yẹra fún epo; á kó eruku mọ́ra títí á fi dì, òmíràn sì ń jẹ ike. Ìyẹ̀fun gíráfáìtì táwọn tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ń fẹ́ sínú àgádágodo ló yẹ ẹ́, díẹ̀ bíńtín.

Ti ìwúwo kò gùn. NMRA ní kí ọkọ̀ HO jẹ́ áúńsì kan, kí ẹ fi ìdajì áúńsì kún un lórí íǹṣì kọ̀ọ̀kan gígùn rẹ̀. Ọkọ̀ oní-íǹṣì mẹ́fà á jẹ́ áúńsì mẹ́rin, nǹkan bíi gíráàmù 113. Òjé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ wíìlì mọ́tò dára fún un, ẹ ṣáà fọwọ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, májèlé ni.

Nípa ibi tí kọ́púlà yóò jókòó sí, ara bógì tàbí ìdí ọkọ̀: ọkọ̀ ẹrù, ìdí ọkọ̀ ni, torí tí ẹ bá ń tì í sẹ́yìn, agbára kò ní yí bógì. Ọkọ̀ èrò gígùn lórí kọ́nà tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 18, ẹ fi í sílẹ̀ lára bógì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á fa ara wọn bọ́ lójú irin. Síkúrù ni kí ẹ sì fi de àpótí náà, kì í ṣe gúlúù, torí gúlúù tó bá ṣàn wọnú rẹ̀ á de kọ́púlà pa. Ẹ de síkúrù náà títí á fi mú, ẹ wá tú u díẹ̀ kí orí lè máa yí.