Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa pínpín dátà ìwádìí schizophrenia

Iṣẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ olùwádìí ni láti tọ́jú dátà àwọn tó ní schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó máa ń da èrò ènìyàn rú, àti ti àwọn tí kò ní in tí a fi ń wé wọn, kí n sì tún un ṣe débi tí olùwádìí níbòmíràn yóò fi lè lò ó. Àkọsílẹ̀ dókítà, àbájáde àyẹ̀wò DNA àti àwòrán ọpọlọ láti inú ẹ̀rọ MRI ni ó ń gba ọwọ́ mi kọjá. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹni tó ń múra irú iṣẹ́ yìí ni pé àkọsílẹ̀ dókítà, tí owó tó ń gbà kéré jù, tí kò sì jọ ẹnikẹ́ni lójú, ló máa ń pinnu bóyá àwọn méjì yòókù yóò wúlò fún ẹlòmíràn.

Kò sí ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tó lè dá kó iye ènìyàn tí ìwádìí yìí ń béèrè jọ. Ibi púpọ̀ lára DNA ló ń fi díẹ̀díẹ̀ kún ewu àìsàn náà, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń fi kún un kéré débi pé a kò lè rí i àfi tí ènìyàn bá pọ̀ gidigidi. Psychiatric Genomics Consortium, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí tó ń kó irú dátà DNA bẹ́ẹ̀ pọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, aláìsàn 36,989 ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì rí ibi 108. Ní 2022, aláìsàn ti di 76,755, ibi tí wọ́n rí sì ti di 287. Ní ti àwòrán, ẹgbẹ́ ENIGMA lo ti aláìsàn 2,028 àti ti ẹni 2,540 tí kò ní àìsàn náà láti ibùdó 15, wọ́n sì ròyìn ní 2016 pé hippocampus (apá ọpọlọ tó wà fún ìrántí) àwọn aláìsàn kéré sí ti àwọn yòókù ní ìpíndọ́gba. Ọ̀nà tí ENIGMA ń gbà ṣiṣẹ́ wù mí púpọ̀: ibùdó kọ̀ọ̀kan lè fi ètò kọ̀ǹpútà kan náà wọn àwòrán tirẹ̀ níbi tó wà, kí ó sì fi kìkì nọ́ńbà àbájáde ránṣẹ́. Nítorí náà, bí òfin ibi iṣẹ́ yín kò bá jẹ́ kí àwòrán jáde, ọ̀nà kò tíì dí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí àkọsílẹ̀ dókítà, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. PANSS ni òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ibùdó fi ń díwọ̀n bí àmì àìsàn náà ṣe le tó. Ohun 30 ni dókítà ń wò, ó sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 7, èyí tó túmọ̀ sí pé 30 ni àpapọ̀ tó kéré jù lọ, kì í ṣe òdo. Bí àpapọ̀ aláìsàn kan bá ti 90 wá sí 60, ẹni tí kò mọ èyí yóò ṣírò rẹ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni àìsàn náà fi dínkù, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdajì gan-an ló dínkù. Irú nǹkan báyìí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àlàyé tó bá dátà rìn. Kí ìwé náà sọ ẹni tó fún máàkì àti irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó gbà, kí ó sì sọ iye ọjọ́ tó wà láàárín ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà àti ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán, nítorí àmì àìsàn yìí a máa lọ, a máa bọ̀.

Oògùn ni ó burú jù tí wọn kò bá kọ ọ́ dáadáa. Oògùn tí àwọn aláìsàn ń lò lè nípa lórí bí apá kan ọpọlọ ṣe tóbi sí, nítorí náà ẹni tó rí àwòrán láìrí orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti bí ó ti pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀ kò lè mọ èyí tí àìsàn fà yàtọ̀ sí èyí tí oògùn fà. Ọ̀pọ̀ ibùdó máa ń yí gbogbo ìwọ̀n padà sí ti chlorpromazine, oògùn àtijọ́ kan fún àìsàn yìí, kí wọ́n lè ṣeé fi wéra. Èyí dára, ṣùgbọ́n tábìlì ìyípadà tó wà ju ẹyọ kan lọ, wọn kò sì bára mu, nítorí náà ẹ fi ìwọ̀n àkọ́kọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ ṣírò. Àlàfo tó ṣófo náà ń fẹ́ àlàyé: ẹni tí kò lo oògùn rárá yàtọ̀ sí ẹni tí a kò bi í.

Ti àwòrán kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí ìlànà BIDS ti wà láti 2016, ó sì ti sọ bí a ṣe ń to fáìlì àti bí a ṣe ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ kọ irú ẹ̀rọ náà, agbára mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ sọ́fítíwíà rẹ̀. Bí ẹ bá ya gbogbo aláìsàn lórí ẹ̀rọ kan, tí ẹ sì ya àwọn yòókù lórí òmíràn, kò sí ìṣirò tó lè tún un ṣe. Ẹ yọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí kúrò nínú fáìlì DICOM (irú fáìlì tí ẹ̀rọ MRI ń kó àwòrán sí), kí ẹ sì pa ojú rẹ́ kúrò lára àwòrán orí. Ní 2019, àwọn olùwádìí ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà fi hàn pé sọ́fítíwíà tó ń dá ojú mọ̀ so àwòrán MRI pọ̀ mọ́ fọ́tò ẹni tó ni ín lára ènìyàn 70 nínú 84. Lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá ti pa ojú rẹ́ tán, ẹ fi ojú ara yín wò ó, torí pé ó máa ń gé díẹ̀ mọ́ ọpọlọ nígbà mìíràn.

DNA ni kò ṣeé bò pátápátá. Ní 2008, ìwádìí kan fi hàn pé a lè mọ̀ bóyá ẹnì kan wà nínú àkójọ, kódà nígbà tí ó jẹ́ àròpọ̀ àbájáde nìkan ni wọ́n gbé síta, NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìwádìí ìlera, sì yára mú irú àròpọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò ní gbangba. Bí DNA kò ṣe ṣeé bò yìí ló fà á tí dbGaP ti Amẹ́ríkà àti EGA ti Yúróòpù, tí wọ́n ń tọ́jú irú dátà yìí, fi ń béèrè ìwé àdéhùn kí wọ́n tó jẹ́ kí olùwádìí rí dátà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tún ń kọ mí lóminú ju DNA nìkan lọ ni kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lórí ẹnì kan: ẹni tí apá 22q11.2 DNA rẹ̀ (apá kan lára kúrómósómù 22) já sọnù, èyí tí kò wọ́pọ̀, tí a kọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbà á sílé ìwòsàn, ní ibùdó tí kò ní ju ènìyàn díẹ̀ lọ, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní orúkọ.

Gbogbo èyí dúró lórí fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń kọ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀ràn àwọn Havasupai, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbà kí a fa ẹ̀jẹ̀ wọn nítorí àtọ̀gbẹ, tí wọ́n wá gbọ́ pé wọ́n tún ti lò ó fún ìwádìí schizophrenia. Ní 2010, yunifásítì ìpínlẹ̀ náà gbà láti san 700,000 dọ́là, wọ́n sì dá ẹ̀jẹ̀ náà padà. Ní tiwa, a ń béèrè ìfọwọ́sí fún àkọsílẹ̀, fún DNA àti fún àwòrán lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a sì ń sọ fún olùkópa pé bí ó bá yọwọ́ lọ́jọ́ iwájú, a ó dáwọ́ pínpín dúró, ṣùgbọ́n a kò lè gba èyí tó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àìsàn yìí lè ṣe ìpinnu náà fúnra wọn. Ohun tí à ń ṣe ni pé kí olùkópa fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ó gbọ́. Bí ara rẹ̀ kò bá yá tó lọ́jọ́ náà, a máa ń sún un síwájú.

Kí a tó gbé dátà síta, a máa ń fún ẹnì kan tí kò bá wa ṣe iṣẹ́ náà ní fáìlì àti ìwé àlàyé rẹ̀, láìfi ẹnu sọ ohunkóhun fún un, kí ó gbìyànjú láti tún tábìlì kan ṣe jáde. Gbogbo ìbéèrè tó bá bi wá, inú ìwé àlàyé ni ìdáhùn rẹ̀ ń lọ, kì í ṣe inú ímeèlì tí a fi dá a lóhùn.