Ìwé àtijọ́ tí mo rà lójú ọ̀nà Ìdànrè

Bí mo bá ń wá ìwé Yorùbá àtijọ́, títì ni mo máa ń gbà lọ. Mi ò kì í rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé tó ti lo ọgọ́ta ọdún láyé, ó yẹ kéèyàn gbé e lọ́wọ́, kó gbóòórùn rẹ̀, kó ṣí i wò bóyá ikán ti jẹ àárín rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èmi àti àbúrò mi fi gbéra n'Íbàdàn láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, tá a dorí kọ Ìdànrè.

Títí dé Ifẹ̀, kò sóhun tí mo fẹ́ sọ. Àmọ́ láti Ifẹ̀ sí Oǹdó! Bẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ Ifẹ̀tẹ̀dó, oko kòkó ni lọ́tùn-ún, oko kòkó ni lósì. Àwọn ìyá àgbà sá kòkó sẹ́bàá títì, òórùn rẹ̀ tó kan díẹ̀, tó dùn díẹ̀, kún inú ọkọ̀ wa. Mo ní kí àbúrò mi pa ẹ̀rọ amúlétutù, ká ṣí gbogbo fèrèsé. A dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Òkè-Igbó, ìlú tí wọ́n ti bí òǹkọ̀wé D. O. Fagunwa ní 1903. Mo wo igbó tó yí ìlú náà ká, mo sì ń rò ó pé òun lọmọ yẹn ń wò dàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ọ̀nà yẹn lálẹ́. Kòtò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹ ò sì ní rí nǹkan tó yẹ kí ẹ rí.

Oǹdó ni wọ́n ti bà mí nínú jẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàtẹ ẹrù àtijọ́ síwájú ilé wọn: rédíò onígi, fìtílà, abọ́ tánganran, páálí ìwé méjì. Inú páálí kejì ni mo ti rí Igbó Olódùmarè, ìwé Fagunwa, èyí tí ilé ìtẹ̀wé Nelson tẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ẹnì kan sì ti fi òwú dúdú rán an pa dà, ìránṣọ tó gún régé. Mo pariwo ayọ̀. Ọmọkùnrin náà wo ojú mi, ó wo ọkọ̀ tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

“Àǹtí, ojúlówó nìyẹn o. Ti 1949 ni. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n.”

Mo ṣí ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé. Lóòótọ́ ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde ní 1949, àmọ́ wọ́n to àwọn ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni kí ẹ máa wò, òun ni ọdún ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ti èyí bọ́ sáàárín àwọn ọdún 1960. Mo fi hàn án, kò tilẹ̀ bojú wò ó. Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, torí mi ò ra irú rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí ní Agbeni n'Íbàdàn. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ pa dà sínú páálí, ó ró gbì. Ìwé tẹ́nì kan jókòó fọwọ́ rán! Nígbà tá a fi náà tán, àbúrò mi ti ń tẹ fèrè ọkọ̀, mo sì ti san ẹgbẹ̀rún méjìlá. Kì í ṣe owó náà ló dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ṣí ìwé rí ló ń ta á, ojú oníbàárà ló fi ń díwọ̀n iye tó máa pè é. Mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Àkúrẹ́. Iyán tá a jẹ níbẹ̀ ò dùn lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kejì, a gun Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta; ẹ gbé omi dání láti ìsàlẹ̀, ẹ má rò pé ẹ máa rà á lókè. Lẹ́yìn ààfin àtijọ́, ẹni tó mú wa gòkè fi àwọn àmì kan hàn wá lára àpáta, tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè kà á. Mo jókòó síbẹ̀, àpáta ràgàjì yí mi ká, mo yọ ìwé mi.

Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ ìnáwó rẹ̀ sẹ́bàá ewé, lọ́wọ́ kéékèèké. Iyọ̀, tọ́rọ́. Epo fìtílà, sísì. Ṣílè méjì fún aláàárù. Ní ewé tó gbẹ̀yìn: “Nwọn ko iti san owo koko.” Mo kà á lákàtúnkà. Àgbẹ̀ ni. Ó ń ka Fagunwa, gbèsè kòkó rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Nígbà tá a ń bọ̀, mo ní ká yà sí Oǹdó. Mo ṣí ewé yẹn fún ọmọkùnrin náà. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò kó tó gbà á.

“Ọwọ́ bàbá bàbá mi nìyí.”

Ó fi fóònù ya gbogbo ibi tí pẹ́ńsù wà. Mo ní tó bá fẹ́ ẹ, kó dá owó mi pa dà. Ó mi orí. “Ẹ máa mú un lọ, Àǹtí. Ikán pọ̀ nílé wa.” Ó wọlé lọ, ó sì gbé ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì kan jáde, òwú dúdú yẹn náà ni wọ́n fi rán ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mi ò ná an.