Ẹ̀jẹ̀ Kún Inú Ọkàn, Síbẹ̀ Ebi Ẹ̀jẹ̀ Lè Pa Á

Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ọkàn kọjá kọ́ ló ń bọ́ ọkàn. Ẹran ara ọkàn nípọn ju kí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ yẹn rìn dé ìdí rẹ̀ lọ. Òpó ẹ̀jẹ̀ méjì ló ní fún ara rẹ̀. Ìdí òpó ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde ní apá òsì ni wọ́n ti yọ, tí wọ́n wá pẹ̀ka yí ọkàn ká lóde. Bí ọkàn bá sì ti ń fún ara rẹ̀ pọ̀ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde, àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí náà ló ń fún pa. Ìgbà tó bá tú ara sílẹ̀ ni apá òsì ń jẹun dáadáa. Ọkàn tó bá ń sáré àsápajúdé ń gé àkókò oúnjẹ ara rẹ̀ kúrú nìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó bíi lítà 5. Béèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn ń ti bíi mìlílítà 70 jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù, nítorí náà gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ń yípo láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ọpọlọ ni kì í gba ìdúró rárá: bí ẹ̀jẹ̀ bá dáwọ́ dúró pátápátá, èèyàn á dákú láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá 10, tó bá sì fi máa tó ìṣẹ́jú 5, ọpọlọ ti ń bàjẹ́.

Kí ló ń dí ọ̀nà? Wọ́n á ní ọ̀rá ló lẹ̀ mọ́ ara òpó bí ìdọ̀tí inú páìpù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá àti ìtọ̀ ṣúgà a máa ṣe awọ fẹ́lẹ́ inú òpó léṣe, ọ̀rá á wá ráyè wọ abẹ́ awọ náà, ibẹ̀ á wú, á sì le. Bí inú òpó bá dín kù sí ìdajì fífẹ̀ rẹ̀, tí agbára tó ń ti ẹ̀jẹ̀ kò yí padà, ìdá kan nínú 16 ló lè kọjá, kì í ṣe ìdajì! Ara a máa bò ó mọ́lẹ̀ nípa fífẹ àwọn òpó kéékèèké tó wà níwájú, kò sì ní sí ìrora tèèyàn bá sinmi. Ìgbà tó bá ń gun àkàsọ̀ ni àyà á fún un, tó bá dúró, á lọ. Ti ẹsẹ̀ náà nìyẹn: ẹ̀yìn ojúgun á máa ro béèyàn bá ń rìn, á sì dákẹ́ tó bá dúró.

Ewu ńlá dé nígbà tí awọ orí wíwú náà bá ya. Ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, ó sì lè dí òpó pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kódà níbi tí kò tíì dí púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Àyà tó bá ń fún lójú ìsinmi tí kò dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Bákan náà ni ẹnu tó ṣàdédé wọ́, apá kan tó rọ, tàbí ọ̀rọ̀ tó lọ́ pọ̀: àmì àrùn rọpárọsẹ̀, tó ń kọlu ọpọlọ, nìyẹn. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ aago tó bẹ̀rẹ̀, torí oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ní gbèdéke: ní ti rọpárọsẹ̀, wákàtí 4 ààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò.

Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà padà láti ẹsẹ̀ sí ọkàn ńkọ́? Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń fún ẹ̀jẹ̀ gòkè, àwọn ilẹ̀kùn kékeré inú òpó kì í sì jẹ́ kó padà sísàlẹ̀. Ìjókòó gbọọrọ láìmira lè mú un dì síbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń roni, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́: ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já, kó gba inú ọkàn lọ dí ẹ̀dọ̀fóró.