Áàpù mẹ́ta, owó oṣù kan: bí a ṣe ń to gbèsè kó tó ṣeé san

Nínú gbèsè àwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù, ẹni tó ń pariwo jù kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ san fún. Àwọn tó ń pe èèyàn láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ "olè ni" ránṣẹ́ sí àǹtí ẹni ní Ọ̀fà, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n mọ̀ pé ojú á ti èèyàn, á sì sáré lọ yá ti ibòmíràn wá san tiwọn. Ibi tí gbèsè kan ti ń di mẹ́rin nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí gbèsè káàdì ti pọ̀, àwọn ọ́fíìsì kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n bá onígbèsè to gbèsè lọ. Wọn kì í ṣe iléeṣẹ́ èrè. Ẹgbẹ́ wọn kan, NFCC, ti wà láti 1951. Olùdámọ̀ràn á bá onígbèsè jókòó fún bíi wákàtí kan, lójúkojú tàbí lórí fóònù, wọ́n á ka owó tó ń wọlé, èyí tó ń jáde, àti èlé orí káàdì kọ̀ọ̀kan. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn oúnjẹ àti owó ilé, ọ́fíìsì náà á bẹ àwọn báńkì pé kí wọ́n dín èlé kù. Onígbèsè á máa san owó kan ṣoṣo lóṣooṣù fún ọ́fíìsì, àwọn ni wọ́n á máa pín in fún báńkì kọ̀ọ̀kan. Ó sábà máa ń gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n á sì ti àwọn káàdì náà pa. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó bá a san kọ́bọ̀: èlé ló dín, ojú owó ṣì pé. (Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò lọ́hùn-ún, ẹ kìlọ̀ fún un nípa ẹni tó bá pè é lórí fóònù pé òun á gé gbèsè ẹ̀ sí ìdajì, tó wá ń béèrè owó kó tó ṣe ohunkóhun. Láti 2010 ni òfin wọn ti ka irú owó àsansílẹ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.)

Ní Ìlọrin, káàdì kọ́ ló ń dààmú wa. Lóònù áàpù ni, àti lóònù ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ táwọn ìyá ọjà ń gbà lẹ́gbẹẹgbẹ́ ní Ìpàta àti Ọjà Ọba. Iṣẹ́ kan náà ló ń fẹ́, ìwé kan, bírò kan, àti akọ̀wé àjẹṣẹ́kù tó mọ ìṣirò tó sì lè pa ẹnu mọ́.

Lórí ìwé náà, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ jẹ, iye tó wọ akáǹtì yín gan-an, iye tó kù, ọjọ́ tó yẹ kí ẹ san, ibi tí wọ́n ti lè fa owó náà yọ fúnra wọn, àti ẹni tó dúró fún yín. Ẹ má fi iye tí áàpù kọ sójú fóònù ṣe ẹ̀rí. Ẹ gba àkọsílẹ̀ akáǹtì lọ́wọ́ báńkì. Ibẹ̀ ni òtítọ́ wà. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan. Áàpù ní òun yá yín ní ₦20,000 fún ọjọ́ 14, ṣùgbọ́n ₦15,600 ló wọlé, nítorí wọ́n ti yọ èlé àti owó iṣẹ́ kúrò. ₦4,400 lórí ₦15,600, ìyẹn ìdá 28 nínú 100, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bí ọjọ́ bá pé tí owó ò sí, wọ́n á ní kí ẹ san ₦4,400 kí wọ́n fi ọjọ́ 14 kún un. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ ti san ₦17,600, ó ti ju ohun tí ẹ gbà lọ, ₦20,000 sì wà níbẹ̀ láìdín náírà kan. Owó ìsún-ọjọ́-síwájú yìí ló ń pa èèyàn jù, torí pé ó máa ń dà bíi pé èèyàn ń san gbèsè.

Lóònù ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ tún ní tiẹ̀. ₦100,000, kí ẹ san ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. ₦20,000 ni èlé, ó jọ ìdá 20. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹ ti ń dá owó padà, kò sí ìgbà tí ₦100,000 náà pé lọ́wọ́ yín fún oṣù márùn-ún ààbọ̀. Ẹ kà á sí bí ìlọ́po méjì iye tí wọ́n pè é.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka owó oṣù. Ọlọ́jà gbọ́dọ̀ ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára èrè. Ẹni tó bá fi owó àpò ìrẹsì san áàpù, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò ní rí nǹkan tà. Ẹ kọ owó epo jẹnẹrétọ̀, owó dátà, owó iléèwé, àti aṣọ ẹbí. Aṣọ ẹbí kì í sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, ó sì máa ń wà nínú akáǹtì gbogbo èèyàn.

Tó bá kan èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ san, mo máa ń fi gbèsè tó ní onídùúró síwájú, pàápàá ti ẹgbẹ́ ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í lọ sílé títí owó ẹni tó kùnà yóò fi pé. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tí èlé rẹ̀ wọ́n jù. Ẹ tún wo ẹni tó lè fa owó yọ. Láti 2020 ni CBN ti gbà kí báńkì tó yá èèyàn lówó fi BVN fa ojú owó àti èlé yọ nínú akáǹtì rẹ̀ mìíràn, ní báńkì mìíràn. Owó ìtanràn kò sí nínú ohun tí wọ́n lè fà. Ẹni tí kò bá fi èyí sínú ìṣirò rẹ̀ á kàn rí i pé owó oṣù wọlé, ó sì ti lọ.

Àwọn áàpù ń gba ìpẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ, bí ẹ bá kọ̀wé dípò kí ẹ máa bá ẹni tó ń bú yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Mo jẹ yín ní ₦20,000. Mo lè san ₦5,000 ní ọjọ́ 28 oṣù yìí, àti ₦5,000 ní ọjọ́ 28 oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, bí ẹ bá dá èlé àti ìtanràn dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì sórí ímeèlì yìí kí n tó san àkọ́kọ́." Ẹ má san án sí akáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó pè yín, owó ibẹ̀ kì í sábà dé inú gbèsè. Bí wọ́n bá ń pe àwọn ará ilé yín, ẹ ya àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́ náà, kí ẹ fi ẹ̀sùn kàn wọ́n lọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí òfin 2018 dá sílẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn náà ni ẹ ti lè rí àwọn áàpù tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ṣé ó dára kí a yá owó àjẹṣẹ́kù fi san áàpù? Bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá dín ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ àjẹṣẹ́kù ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun tó wà nípamọ́. Ẹni tó ní ₦90,000 lè gba ₦180,000. Bí èlé bá jẹ́ ìdá kan nínú 100 lóṣù fún oṣù 12, ₦21,600 ni èlé, ₦16,800 ni wọ́n á máa yọ lóṣù. Kí ẹ san gbogbo gbèsè áàpù tán lọ́jọ́ kan náà. Àjẹṣẹ́kù àwọn Mùsùlùmí tí kò gba èlé kì í fún èèyàn lówó sọ́wọ́, ọjà ni wọ́n ń rà fún un. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gba fírísà ₦400,000 ní ₦440,000 àwìn, wọ́n á tún lọ tà á ní ₦330,000 kí wọ́n lè rí owó. ₦110,000 lórí ₦330,000, ìdá kan nínú mẹ́ta! Áàpù gan-an ò burú tó bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ọ̀pọ̀ áfáà ò sì ní fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá san tán, ẹ gba ìwé pé kò sí gbèsè mọ́. Kí ẹ wá ní kí wọ́n pa akáǹtì náà rẹ́ pátápátá; ẹni tó kàn yọ áàpù kúrò lórí fóònù ṣì wà nínú ìwé wọn, láìpẹ́ wọ́n á kọ sí i pé ó ti yẹ fún ₦80,000. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹ yẹ orúkọ yín wò lọ́dọ̀ CRC, FirstCentral tàbí CreditRegistry, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè. Bí wọ́n bá ṣì kọ ọ́ pé ẹ jẹ gbèsè, ìwé yẹn ni ẹ máa fi ránṣẹ́ sí wọn.