Ohun tí ọ̀bẹ ìfín kọ́ mi ní Yixing

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń gbèrò láti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ọdún méjì ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní ìlú Yixing, ní ìpínlẹ̀ Jiangsu lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń fi amọ̀ tí à ń pè ní zisha mọ ìkòkò tíì. N kì í mọ ìkòkò. Ọ̀rọ̀ àti àwòrán ni mo ń fín sára ìkòkò tí ẹlòmíràn ti mọ.

Mímọ àkókò ló kọ́kọ́ fi ojú mi rí màbo. Wọn kì í fi ohun dídán kun ìkòkò zisha, nítorí náà kò sí ohun tí yóò bo àṣìṣe ọ̀bẹ. Ìgbà tí amọ̀ kò rọ̀ mọ́, tí kò sì tíì gbẹ, ni à ń fín in: bí ó bá ṣì rọ̀, etí ìlà á wú, bí ó bá sì ti gbẹ jù, á máa rún lẹ́nu ọ̀bẹ. Ní oṣù kẹta mi, mo pẹ́ níbi oúnjẹ ọ̀san, nígbà tí mo sì padà dé, dípò kí n sọ pé ìkòkò ti gbẹ, mo fi agídí fín in, ó sì sán. Ìyá tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta mọ ọ́n kò bá mi wí. Ńṣe ni wọ́n rọra gbé e sínú omi kí ó lè padà di amọ̀. Ìbáwí ì bá tù mí lára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A máa ń fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ sórí amọ̀ kí ọ̀bẹ tó tẹ̀ lé e: á gba etí ìlà kan lọ, á gba etí kejì bọ̀, amọ̀ àárín á sì ṣí kúrò. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ bíi Ren Ganting (1889–1968) lè fín in láìfi tàdáwà kọ ọ́ rárá. Èmi náà dán an wò. Ẹ má wulẹ̀ béèrè bó ṣe rí.

Síbẹ̀, ohun tí a ó kọ ló le ju bí a ó ṣe fín in lọ. Chen Hongshou (1768–1822), tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Mansheng, ni à ń wò ṣe àwòkọ́ṣe. Ó ṣe alákòóso ìlú Liyang nítòsí Yixing, ó mọ èdìdì í fín, Yang Pengnian sì ń mọ ìkòkò tí Mansheng àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fín ọ̀rọ̀ sí. Lára ìkòkò kan tí òkè rẹ̀ tín-ín-rín, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí ó sì fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò sanra, ṣùgbọ́n ó le, ìdí nìyẹn tí ẹ̀mí rẹ̀ fi gùn. Ẹ gbé gbólóhùn yẹn sórí ìkòkò roboto, ẹ ó rí i pé irọ́ ni yóò dà.

Ní ọdún kejì, wọ́n gbé ìkòkò kan fún mi tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin wò, tí mo ń fi aṣọ tútù bò kí ó má baà gbẹ, tí n kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Mo dá a padà bí mo ṣe gbà á. Ọ̀gá mi san owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi.