Ṣé Férémù Yìí Tó Ohun Tí Mo Fẹ́ Ná Lé E Lórí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìbàdàn

Owó díẹ̀ wà nílẹ̀ báyìí, ọkàn mi sì pín sí méjì. Ṣé kí n ná an sára kẹ̀kẹ́ olókè tòkunbọ̀ tí mo ní yìí, àbí kí n tọ́jú rẹ̀ de férémù tó dára jù ú lọ? Orí férémù, egungun kẹ̀kẹ́ tí gbogbo nǹkan yòókù so mọ́, ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Pẹ́dàlì, táyà, ìjókòó, ṣéènì, gbogbo wọn ni èèyàn lè tú kúrò. Férémù ló ń pàṣẹ ohun tí yóò wọlé àti ohun tí kò ní wọlé.

Lówùúrọ̀ mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀: abẹ́ ọrùn níwájú (ọ̀pá oníhò tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti wọlé), ìdí pẹ́dàlì, ẹnu ibi tí òpó ìjókòó ti wọlé. Oríṣi alùmíníọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní 6061 ni, wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Ká ní irin ni, tó bá là, wẹ́dà tó mọṣẹ́ á jó o, á sì tún máa ṣiṣẹ́ lọ. Ti 6061 le díẹ̀. Iná tí wọ́n fi sè é nílé iṣẹ́ ló fún un lágbára, iná wẹ́dà á sì gba agbára náà kúrò níbi tó bá kàn, àfi tí wọ́n bá tún un sè, ta ló sì ń ṣe ìyẹn fún férémù olówó pọ́ọ́kú? Bó bá là, ó parí nìyẹn. Mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ ọrùn. Mo fi èékánná họ ọ́, kò kọ́ mi léèékánná. Ó jọ pé ọ̀dà nìkan ló bó. Síbẹ̀ mo fi báírò sàmì sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, kí n lè mọ̀ bó bá ń gùn sí i.

Fọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú, ló ń wù mí jù láti pààrọ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ wúwo, súpúríìnì ló wà nínú rẹ̀, mìlímítà 100 péré ló sì ń rì bí táyà bá kọlu nǹkan. Mo ti rí ọ̀kan tó ń lo afẹ́fẹ́, tó ń rì tó 140. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Mọ́kọ́lá. Wọ́n wọn ihò ọrùn férémù lókè, wọ́n wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀.

"Ọmọ mi, mìlímítà 34 lókè, 34 nísàlẹ̀. Èyí tí ò ń wí yẹn, ìdí ọ̀pá rẹ̀ tó ń wọ ọrùn ju 38 lọ. Ibo ló fẹ́ gbà wọlé?"

Mo ní, "Bàbá, bí mo bá rí èyí tí ìdí rẹ̀ kò fẹ̀ ńkọ́?"

"Á wọlé. Ṣùgbọ́n á gbé iwájú sókè, ọrùn á dà sẹ́yìn. Gbogbo bí táyà bá ṣe ń kọlu òkúta, ọrùn yìí náà lá máa jẹ ẹ́. Ṣé wọ́n ṣe é fún ìyẹn ni?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí fọ́ọ̀kì bá fi nǹkan bíi mìlímítà 20 ga sí i, igun ọrùn máa ń dẹ̀ tó dígírì kan; 40 yóò sọ ọ́ di méjì. Ọrùn sì ni ibi tí mo fi báírò sàmì sí.

Ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà ò yàtọ̀. Táyà ínṣì 26 ni, ààyè tí họ́ọ̀bù ẹ̀yìn (àárín ẹsẹ̀ tí sípóòkù so mọ́) ń gbà wọlé jẹ́ mìlímítà 135. Ọ̀pọ̀ férémù olókè ìsinsìnyí ti di ínṣì 29 àti mìlímítà 148. Gíà méje tí wọ́n yí mọ́ họ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀. Bí mo bá ní mo fẹ́ gíà mẹ́wàá, họ́ọ̀bù tuntun dé nìyẹn, họ́ọ̀bù á sì fa sípóòkù àti rímù lọ́wọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò bá mi lọ sórí férémù tó ń bọ̀. Níbẹ̀ ni owó gàárì yóò ti ju owó ẹṣin lọ.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn férémù yìí, mi ò sì ní fi pamọ́. Ó bá mi lára mu. Mo lè gùn ún láti àárọ̀ dé ọ̀sán kí ẹ̀yìn má dùn mí, orúnkún mi kì í sì í ké. Férémù olówó gọbọi tí kò bá ara mu, ìyà ni. Tí mo bá sì ronú sí ohun tó ń yọ mí lẹ́nu gan-an lórí àwọn ọ̀nà eléruku tó yà kúrò lójú títì Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, táyà tó ń yọ̀ ni, àti bíréèkì tí kì í tètè mú nígbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sí èyí tó kan férémù nínú méjèèjì.

Nítorí náà mo ti pinnu. N ó ra táyà méjì tí eyín wọn jinlẹ̀, páàdì bíréèkì àti wáyà tuntun. Táyà ò ní bá mi lọ sórí 29, mo mọ̀, ṣùgbọ́n jíjẹ ni táyà ń jẹ, n ó ti lò ó gbó kó tó dìgbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, pẹ́dàlì tó dára àti rọ́bà ọwọ́. Àwọn wọ̀nyí á wọ férémù mìíràn láìsí wàhálà. Fọ́ọ̀kì, rímù àti gíà, mi ò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Owó tó bá ṣẹ́ kù, mo ti ń wò ó fún férémù onírin tí ihò ọrùn rẹ̀ gba fọ́ọ̀kì òde òní. Bí ìlà abẹ́ ọrùn yẹn bá kọjá àmì báírò, ọjọ́ náà gan-an ni n ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.